Ta Ló Ń Dáná Nínú Ilé Àkúdàáyà?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, wọ́n ti mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Òkè-Àdó láti ìrọ̀lẹ́, òjò sì ń rọ̀ lu páànù débi pé a kò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò mọ́. Màmá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ojú wọn kò sì gbé ìwé mọ́, béèrè ohun tí mò ń kà lórí fóònù tó ń mú mi rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo sì máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè: mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni mò ń ṣe, nítorí pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, kò sì sí ẹni tó máa ń yẹ ìwé olùkọ́ wò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, irọ́ náà sú mi. Mo ní, "Ìtàn àkúdàáyà ni, Màmá."

Màmá dìde jókòó. Fún àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tí wọ́n sì tọ́ dàgbà níbẹ̀, àkúdàáyà kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé jókòó ronú kàn. Ó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìyá ẹnìkan tí wọ́n mọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tíṣà kan ló kú sínú ilé rẹ̀ ní ìlú olótùútù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kò kúrò nínú ilé náà lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, pé káfíńtà kan wá háyà ilé náà, ó ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni òkú àti alààyè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ara wọn. Màmá ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń dáná nínú ilé yẹn?"

Mo ní káfíńtà ni.

"Tíṣà tó kú yẹn ń jẹun?"

"Kò lè jẹun, Màmá. Kò lè di nǹkan kan mú. Bó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹni tó fẹ́ràn pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ á kàn gba inú onítọ̀hún kọjá ni."

"Áà, tíṣà yẹn ń jìyà o. Obìnrin tí kò lè bu omi fún ọkọ rẹ̀ mu!"

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Èdè wa ló ti bá mi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń bò ó. Nínú ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, arọ́pò-orúkọ ti máa ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin láti gbólóhùn àkọ́kọ́, bó bá sì jẹ́ ọkùnrin méjì ló wà nínú yàrá, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ wọn lemọ́lemọ́ kí òǹkàwé tó lè mọ ọwọ́ ta ni ó wà ní èjìká ta ni. "Ó" ti Yorùbá kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, a sì tún ní "òun": bí mo bá kọ ọ́ pé "ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀", ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n fẹ́ràn kò lè dàrú mọ́ ara wọn lójú ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlò "òun" yìí, n kò sì ronú rí pé ìtàn ìfẹ́ ọkùnrin méjì ni yóò jẹ́ kí n mọ iyì rẹ̀.

Mo ní, "Ọkùnrin ni tíṣà náà, Màmá. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì."

Òjò ń rọ̀. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ibi tó ń jò ní kọ́rídọ̀, mo sì lọ gbé e. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Mo ti wá rí i pé òun gan-an ni mo ti fi ń dá àwọn ìwé wọ̀nyí lẹ́jọ́ láti ọdún yìí wá, láì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Fún ẹni tí kò bá tíì ka irú rẹ̀ rí, ìtàn ìfẹ́ láàrin ọkùnrin àti ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, nígbà mìíràn àwọn méjèèjì, kì í ṣe ènìyàn lásán. Ó lè jẹ́ òkú, ó lè jẹ́ oṣó, ó lè jẹ́ ẹni tó ń di ìkookò nígbà tí òṣùpá bá yọ kún, ó sì lè jẹ́ irú òkú tí ń jí lálẹ́ wá mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Àwọn kan rò pé ayé òde òní ló mú un dé, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1872 ni Sheridan Le Fanu, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tẹ Carmilla jáde, nínú èyí tí obìnrin amùjẹ̀ kan ti ń fi ìfẹ́ lọ ọmọbìnrin kan; ọdún 25 lẹ́yìn rẹ̀ ni Dracula, ìwé amùjẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí Anne Rice sì gbé Interview with the Vampire jáde ní ọdún 1976, amùjẹ̀ ọkùnrin méjì, Louis àti Lestat, ló jọ ń gbé ilé kan ní New Orleans, tí wọ́n ń tọ́ ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Claudia bí ọmọ inú wọn. Ìwé yẹn kò fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní ìgbéyàwó. Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti inú rẹ̀ mú jáde ní 2022 ló wá sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà síta láì fi bò. Ohun tó wọ̀ mí lára nínú ìtàn náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ilé yẹn ni: ẹni méjì tí kò lè kú, tí ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn bíi tọkọtaya inú ilé àgbàlá èyíkéyìí ní Bẹẹrẹ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta péré tó mọ̀ nípa ìwé kíkà mi yìí máa ń béèrè ìdí tí obìnrin, opó, ìyá ọlọ́mọ méjì, fi jókòó tì í. Èmi nìkan kọ́, nítorí obìnrin pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ àti nínú àwọn tó ń kà á káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tèmi wà nínú ìbéèrè màmá mi. Nínú gbogbo ìtàn ìfẹ́ tí mo kà dàgbà, mo ti mọ ẹni tí yóò dáná kí n tó ṣí ojú ìwé kìíní. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, jẹ́ ènìyàn dáadáa, ọdún mẹ́tàdínlógún ni a sì fi gbé pọ̀, kò fọ ìkòkò kan rí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó yẹ kó fọ̀ ọ́. Èmi náà kò sọ. Àṣà ti pín iṣẹ́ náà kí àwa méjèèjì tó mọ ara wa, ó sì máa ń dùn mí pé n kò mọ ohun tí ì bá ṣe ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ kó yàn.

Nígbà tó bá jẹ́ ọkùnrin méjì, àṣà kò tíì pín iṣẹ́ fún wọn, nítorí náà òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jókòó ronú rẹ̀: ta ni yóò jí gbálẹ̀, ta ni yóò rántí pé iyọ̀ ti tán, ta ni yóò dúró ti ẹnìkejì nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Mo ka ọ̀kan tí oṣó inú rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa iná tó ń jó odidi òpópónà, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí wọ́n ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ìránṣẹ́ sin ín. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kọ́ ọ. Odidi orí kan ni òǹkọ̀wé fi sọ nípa ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, láti orí kọ́là dé ọwọ́, pẹ̀lú bí irin gbígbóná ṣe jó aṣọ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tó ni aṣọ sì ní kò burú, òun yóò máa wọ̀ ọ́ lábẹ́ kóòtù. N kò rántí orúkọ ọ̀tá tí wọ́n jọ bá jà ní ìparí ìwé náà. Mo rántí ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa.

Ibi tí èmi àti àwọn ìwé wọ̀nyí kò ti gbọ́ra ni ọ̀rọ̀ àyànmọ́. Nínú àwọn tó jẹ mọ́ ìkookò pàápàá, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọkùnrin kan á gbóòórùn ọkùnrin kejì láàrin èrò, ọ̀rọ̀ sì ti parí: òun ni ẹni tí ọ̀run ti yàn fún un, wọn kò sì lè kọ ara wọn mọ́. Ó máa ń dà bíi pé òǹkọ̀wé fo ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà. Àwa náà gbà pé kádàrá wà, ṣùgbọ́n àkúnlẹ̀yàn ni àwọn baba wa pè é. Ẹni náà ló kúnlẹ̀, òun náà ló sì yàn. Ẹsẹ Ifá kan nínú Ògúndá Méjì sọ bí Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ṣe ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí ènìyàn lọ́run. Àwọn méjì kò yà síbì kankan, wọ́n gbé orí tí kò dára, òjò sì bà á jẹ́ lórí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sáyé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí baba rẹ̀, ó rú ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, iyọ̀ sì wà nínú ohun tó dì dání. Lójú ọ̀nà ló ti bá ẹnìkan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i fún un. Adùn ọbẹ̀ yẹn ló mú kí onítọ̀hún fi ọ̀nà bó ṣe yẹ kó ṣe hàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó: ìtàn tó ga jù tí a ní nípa kádàrá, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ gbà, ẹni tó rántí iyọ̀ ló sì rí ojúure. Bí àwọn òǹkọ̀wé ìkookò wọ̀nyẹn bá jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọn yan ara wọn báyẹn, n kò ní ṣàròyé.

Wọ́n tún máa ń fi ìkookò kan ṣe olórí tí gbogbo agbo gbọ́dọ̀ wólẹ̀ fún, èyí tó fi agbára gba ipò lọ́wọ́ àwọn yòókù. (Ìkookò tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, ẹranko mìíràn ni, ti ilẹ̀ olótùútù ni mò ń sọ.) Ìkookò inú ọgbà ẹranko ni Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ẹranko, ń wò nígbà tó kọ̀wé nípa irú ìjà ipò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1947, àwọn tí wọ́n kó jọ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọn kò sì rí ọ̀nà jáde. David Mech, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìwé tó kọ ní 1970 wà lára ohun tó tan èrò náà kálẹ̀, padà wá kọ ọ́ ní 1999, lẹ́yìn tó ti wo ìkookò inú igbó gidi ní ilẹ̀ Kánádà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ẹbí lásán ni wọ́n. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ èyí, nítorí ìtàn ẹbí ni mò ń wá kiri nínú àwọn ìwé náà láti ọjọ́ yìí.

Ẹnìkan wà ní ìlú yìí tí a jọ máa ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí. N kò ní sọ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ibi tó ń gbé. Ọkùnrin ni, ọkùnrin ló sì fẹ́ràn, mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó, ó sì fi ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Orúkọ tí wọ́n sì ń pe irú rẹ̀ lójú títì, èébú ni, n kò ní kọ ọ́ síbí. Mo rò pé òṣùpá àti àṣírí ni yóò wù ú jù nínú àwọn ìtàn ìkookò, bí ènìyàn ṣe ń rìn láàrin àwọn tó mọ̀ ọ́n láti ojúmọ́ dé alẹ́ tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Rárá o, Àǹtí. Ìyẹn ò jọ mí lójú, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń jà nítorí owó iná ni mo fẹ́ràn jù." Kò tíì bá ẹni tó fẹ́ràn jà nítorí owó iná rí. Bí ọkùnrin méjì tó ti dàgbà bá fẹ́ háyà yàrá kan pọ̀ fún ọdún púpọ̀ ní àdúgbò wa, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí wọn yóò gbéyàwó. Ìjà kékeré lórí owó iná, tí wọ́n á parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ni nǹkan abàmì inú ìwé lójú tirẹ̀; òkú tó ń rìn kò yà á lẹ́nu.

Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni n kò ti fi ìparí aláyọ̀ àwọn ìwé yìí ṣeré mọ́. Àwọn kan ń pè é ní àwáwí, wọ́n ní ìtàn tó bá mọ̀ ṣáájú pé ayọ̀ ni òun yóò parí sí kò lè jẹ́ òótọ́. E. M. Forster, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ Maurice láàrin ọdún 1913 sí 1914, ó sì pinnu pé dandan ni kí ọkùnrin méjì inú rẹ̀ wà pọ̀ ní ìparí. Nítorí ìparí yẹn, ìwé náà wà nínú àpótí títí ó fi kú ní 1970. Ọdún 1971 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ká ní ó pa ọ̀kan nínú wọn ni, bóyá ì bá ti rí i tẹ̀ kó tó kú. Nítorí náà, bí òkú amùjẹ̀ àti ọlọ́pàá kan bá jọ ń ra kọ́tìnnì ní orí tó kẹ́yìn, mo máa ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láì fo ọ̀kan.

Ohun tí mo wá fẹ́ kà báyìí, mo fẹ́ kà á ní Yorùbá. Ilẹ̀ rẹ̀ ti wà. Láti 1938 ni Fágúnwà ti fi hàn wá nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ pé èdè wa lè gbé ẹbọra àti iwin láì fi ṣe ohun àjèjì. Ní 1952 ni Tutùọlá, tó kú sí Ìbàdàn níbí ní 1997, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìtàn ọkùnrin kan jáde tó wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ dé ìlú àwọn òkú. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́, n kò sì fẹ́ fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti gbà pé ọkùnrin lè wá ọkùnrin dé ọ̀run nítorí ẹmu, kò sì sí ẹni tó bá a jà.

Àkúdàáyà gan-an ló sì tọ́ sí irú ìtàn tí mò ń wá. Òkú tiwọn kò lè di síbí mú. Tiwa ń dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ń san owó ilé, ó ń jẹ àmàlà, ó ń bímọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàrin òun àti àwa ni pé ìlú mìíràn ti sin ín. Mo máa ń rí i lójú inú bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́: télọ̀ kan ní Mókọ́lá, tó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ti wá, tí kì í lọ sílé fún ọdún, tí kì í sì í ya fọ́tò. Ọkùnrin kan wà tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún un, wọ́n jọ ń gbé. Ní gbogbo ìtàn àkúdàáyà tí mo gbọ́ rí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ará ilé òkú náà á bá a pàdé lọ́jà, á pe orúkọ rẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ó ti lọ, iyàwó á jí bá ẹní òfìfo. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ kà, Ọjà Ọba ni ará ilé náà ti pe orúkọ. Télọ̀ dúró, ara rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Onítọ̀hún tó ń ta bọ́tìnnì bọ́ síwájú, ó kí àlejò náà dáadáa, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì í mú ni. Ará ilé mi nìyí." Wọ́n á wá ra ata, wọ́n á ra tòmátì, wọ́n á wọ mọ́tò padà sí Mókọ́lá. N kò tíì mọ ẹni tí yóò lọ ata náà.

Màmá kò dá ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sílẹ̀ mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti gbà pé wọ́n ti gbé e jù sẹ́yìn, mo sì ti ka ìwé náà dé ibi tó ku orí mẹ́rin. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, à ń bó ẹ̀gúsí, káfíńtà tí mo pè ń kan páànù tuntun sórí kọ́rídọ̀. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, tíṣà inú ìwé rẹ yẹn, ṣé ó ti lè jẹun?"

Mo ní, "Kò tíì lè jẹun, Màmá."

Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́fà, méje. Wọ́n ní, "Kí káfíńtà yẹn ṣáà máa bu tiẹ̀ sílẹ̀ fún un."